Rédíétọ̀ Kì Í Jẹ Gáàsì

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní London, Manchester àti Leeds, mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ bí owó gáàsì oṣù kìn-ín-ní bá ti dé: "Rédíétọ̀ àtijọ́ yìí ló ń jẹ wá lówó." Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún wa. Irọ́ ni.

Bọ́ílà ló ń jẹ gáàsì. Rédíétọ̀ ń gba omi gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tú ooru rẹ̀ sínú yàrá, ó sì ń dá omi náà padà. Ooru tí kò bá tú sílẹ̀, inú omi yẹn náà ló wà. Mo gbà pé ooru díẹ̀ ń gba ara ògiri ìta sá lọ lẹ́yìn rédíétọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé tuntun sí ojú ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ló máa gbà sá.

"Kí ló wá dé tí òkè rẹ̀ fi gbóná tí ìsàlẹ̀ tutù?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àǹtí mi ní Peckham, nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Ọmọ wa kan tó ń ṣe púlọ́ḿbà wá wo rédíétọ̀ méjèèje wọn. Kò tú nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan méjì, ó mi orí: "Mà, ti ayé Nóà nìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ dànù." Owó tó pè tó gbé ènìyàn méjì lọ sí Èkó lálọ àtàbọ̀. Àǹtí ti fẹ́ san án. Mo ní kí wọ́n fún mi ní Sátidé kan.

A pa bọ́ílà, a jẹ́ kó tutù, a ti fáàfù méjèèjì, a tú ti yàrá ọmọ. Omi tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi aró. Irin ayé àtijọ́ ni, àwa mẹ́rin la gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìn sì ń dùn wá títí di ọjọ́ Ajé. A ki rọ́bà omi bọ ojú kan, ẹrọ̀fọ̀ dúdú sì ń tú lójú kejì fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo yọ òòfà kan lára fíríìjì, mo fi kan ẹrọ̀fọ̀ náà: ó rọ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Ìpẹtà irin ni. Òun ló jókòó sísàlẹ̀ tí omi gbígbóná kò fi ráyè kọjá. Ẹni tó bá ra tuntun láìfọ páìpù, tí kò sì da oògùn ìpẹtà sínú omi, ṣe ló ra ìjókòó tuntun fún ẹrọ̀fọ̀.

Àwa gan-an ló yẹ kí èyí yé jù. Bí mọ́tò bá ń gbóná l'Èkó, ta ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ra rédíétọ̀ ní ọjà Ládípọ̀? Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀bá títì là ń gbé e lọ, á tú u, á ki wáyà bọ̀ ọ́, á jó ojú tó ń jò pa. A wá dé London, a di ẹni tó ń bẹ́ orí nítorí orí fífọ́.

Tó bá jẹ́ òkè ló tutù, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tú u, ẹ fi àkísà gbà á nídìí. Á dún ṣíì, omi á yọ, ẹ tì í. Kí ẹ rántí wo aago tó ń wọn agbára omi lára bọ́ílà: láàárín 1 sí 1.5 bar ló yẹ kó wà nígbà tó bá tutù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ìtóbi. Láti 2005 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England àti Wales pé kí ọ̀pọ̀ bọ́ílà tuntun jẹ́ irú tó ń gba ooru padà lára èéfín. Bọ́ílà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ náà dáadáa àyàfi tí omi tó ń padà bá rẹlẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 55. Kí omi tí kò gbóná jù tó lè mú yàrá móoru, rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ lára. Àwọn arúgbó irin yìí lára! A wá kó wọn dànù, a fi tínrín kékeré rọ́pò, òtútù mú wa, a yí bọ́ílà sókè sí 75. Ìgbà yẹn gan-an ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ láé. Irin nípọn, bí ìkòkò irin ló ṣe ń pẹ́ kó tó gbóná, tó sì ń pẹ́ kó tó tutù. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́, tó fẹ́ ooru kíá, rédíétọ̀ páànù tínrín ló bá a mu. Èyí tí ìpẹtà bá ti dá lu náà, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà àtijọ́ tí òjé wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ha á ní gbígbẹ, pàápàá nílé ọlọ́mọ. Bí owó àtiha á bá ju ti tuntun lọ, n kò ní bá yín jà.

Nílé Àǹtí, méjì ló ti jẹrà nínú méje, páànù sì ni méjèèjì. Ọmọ wa yẹn náà la pè wá fi tuntun sí i. Bó ṣe ń kọjá ní yàrá ọmọ, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ó sì fà á padà kíá.

"Ẹ ti pààrọ̀ eléyìí ni, mà?"

Àǹtí bi í bóyá tíì ló fẹ́ àbí omi tútù.