Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà: Àwa Òṣìṣẹ́ Náà Ní Ìpín Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jáde lẹ́nu àwọn agbanisíṣẹ́ lákòókò yìí, pé àwọn kò rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbà síṣẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọn a lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ sọ́fítíwià ṣe àdéhùn, pé kí wọ́n bá àwọn kọ́ àwọn ènìyàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni wọ́n ń kọ́? Ṣé ẹni tí ó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ni, tàbí ọmọ tuntun tí yóò wá gba ipò rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ́fíìsì ni èyí. Sọ́fítíwià ni àṣẹ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe fún un, ó sì ti wọ inú ẹ̀rọ tí ń wọn ẹrù àti ọkọ̀ tí ọ̀gá ń fi fóònù ṣọ́ láti ilé rẹ̀. Ní Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, káàdì Cowry ni èrò fi ń wọlé, wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti já tíkẹ́ẹ̀tì rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Uber ti dé Èkó láti ọdún 2014, àwọn awakọ̀ tí ń fi fóònù gba èrò sì jà títí ìjọba àpapọ̀ fi gba ẹgbẹ́ wọn wọlé ní ọdún 2023. Bí ẹ bá ní kò tíì dé gáréèjì Ìkọ̀lé, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀.

Ìjọba kò sùn pátápátá, ó yẹ kí á sọ ìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Mínísítà Bosun Tijani bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní 3MTT, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdáni ni wọ́n sì bá ṣe àdéhùn láti kọ́ wọn. Ní Adó-Èkìtì, wọ́n fẹ́ fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà kọ́ ọgbà ìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ekiti Knowledge Zone. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó jí kúrò ní Ìfàkì ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí kò padà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà wo ni yóò jókòó sídìí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì? Kọ̀ǹpútà ta ni yóò lò, iná wo ni yóò fi tàn án, ta ni yóò sì san owó détà? Ètò tí a gé mọ́ ọmọ ilé-ìwé lára, kò lè bá bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin mu.

Ibi tí owó wà gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí. Láti ọdún 1971 ni òfin ti dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ITF. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe tún òfin náà ṣe ní ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 iye owó iṣẹ́ tí ó ń san lọ́dún sínú àpò yìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń san mílíọ̀nù 100 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, mílíọ̀nù 1 ni tirẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù wa o. Àpò agbanisíṣẹ́ ni ó ti ń jáde. Bí ó bá sì fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun ní iṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá sọ pé òun kò ní owó tí òun yóò fi kọ́ òṣìṣẹ́, ẹ bi í léèrè ITF.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń bá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn. Ní ọdún 1998 ni ìjọba ibẹ̀ dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ fún èyí, nígbà tí ó sì di ọdún 2003, òfin fún àwọn aṣojú ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi àkókò iṣẹ́ ṣe ètò yìí láìgé owó wọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò lè kọ lẹ́tà ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba dá owó náà dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé inú ìwé àdéhùn tiwa pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà, kí á má gbé gbogbo rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò sì tó. Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní sọ́fítíwià, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní ọdún 2019, ó dá nǹkan bí 400 nínú wọn dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, nítorí pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ iṣẹ́ o! Nítorí náà, kí á tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ tuntun kò ní lé ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ kúrò níbi iṣẹ́. Kí ẹ̀kọ́ náà wà láàárín wákàtí iṣẹ́. Kí ìwé-ẹ̀rí jẹ́ ti òṣìṣẹ́, kí wọ́n má ṣe tì í mọ́ inú àpótí ọ̀gá láti fi so ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó sì tò ó padà kì í ṣe òmùgọ̀.

A kò sì ní láti wá olùkọ́ lọ sí Èkó. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé láti ọdún 2011, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀ka wa kọ lẹ́tà sí wọn fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé àti ti ìrọ̀lẹ́, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, kí aṣojú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wádìí lọ́dọ̀ akápò wọn bóyá wọ́n ń san owó ITF, àti ọdún tí wọ́n gba nǹkan padà níbẹ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n mú èsì náà wá ní kíkọ sílẹ̀.