Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kì í ṣe ọlọ́dẹ ìwé

Bí ènìyàn bá bi ọ̀pọ̀ òbí léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe, dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà ni yóò máa gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí kan tó ní kí ọmọ òun lọ máa ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti lójú ìjọba pàápàá, ọlọ́dẹ ìwé lásán ni ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: kó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kó nu eruku orí ìwé, kó kígbe mọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, kó sì tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetowun Ogunsheye sì tó ẹ̀rí.

Ọdún 1926 ni wọ́n bí i sí ìdílé Banjo ní ìlú Benin. Ó lọ sí Queen's College ní Èkó, kó tó wọ Yaba Higher College, níbi tó ti jẹ́ pé òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ló ti ré kọjá sí Newnham College ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ní 1952. Kò sí obìnrin Nàìjíríà kankan tó ti gboyè ní Cambridge ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tó ní irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, ipò wo ló máa wá tí kò ní í rí? Síbẹ̀, iṣẹ́ ilé-ìkàwé ló yàn. Ó lọ sí Simmons College ní ìlú Boston, Amẹ́ríkà, ó gboyè kejì nínú iṣẹ́ náà ní 1962, Ìbàdàn ló sì ti lo ìmọ̀ rẹ̀ láti kọ́ àwọn mìíràn. Nígbà tó di 1973, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìṣègùn, kì í ṣe òfin ló gbé e débẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí ni.

Ṣùgbọ́n oyè kọ́ ló yẹ ká torí rẹ̀ yìn ín jù. Ọdún 1973 yẹn kan náà ló dá ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, èyí tí wọ́n ń pè ní Abadina Media Resource Centre. Ẹni tó bá mọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn yóò mọ̀ pé Abadina kì í ṣe àdúgbò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ onípò kékeré ni wọ́n kọ́ ilé ibẹ̀ fún. Ọmọ olùkọ́ yunifásítì ń rí ìwé nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì bàbá yẹn ńkọ́? Ilé-ìkàwé ńlá Kenneth Dike wà nínú ọgbà kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunsheye rí àlàfo yìí, ó sì gbé ìwé lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n wà. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé wà: kó mọ ẹni tí kò ní ìwé, kó sì wá ọ̀nà tí ìwé yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn ni àjọ UNESCO ti pe ìpàdé ní 1953 lórí bí ilé-ìkàwé ìjọba yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní 1959, wọ́n ṣí ilé-ìkàwé àwòkọ́ṣe ní Enugu. Ọdún 1960 ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa? Ilé-ìkàwé àpapọ̀ tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta ní Àbújá ní 2006, ọdún 2025 dé bá a láìparí. Bí ti orílé-iṣẹ́ bá rí báyìí, kí ni ká retí ní ìjọba ìbílẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì la wà, pé fóònù ti gba iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára ìwé, ṣé dátà ni yóò lágbára? Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí àfi lọ́jọ́ ìdánwò ti pàdánù kó tó jókòó. Bí ilé-ìkàwé bá wà ní àdúgbò rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ sì wà láti tọ́ ọ sọ́nà, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ayé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ló tún mú kí iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì sí i, nítorí irọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju òótọ́ lọ, ó sì yẹ kí ẹnìkan kọ́ ọmọ láti dá méjèèjì mọ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá jáwọ́ nínú sísọ ilé-ìkàwé di ibi tí wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ tí wọn kò fẹ́ rí mọ́ lọ. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí wọ́n gbà síbẹ̀. Kí wọ́n ya owó ìwé tuntun sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí ìwé Yorùbá sì wà lára rẹ̀. Àwọn ará ìlú náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí wọ́n bá ti ń ka ètò ìṣúná lọ́dọọdún, kí a máa bi kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́ léèrè: èló ni ti ìwé? Bí kò bá rí èsì fọ̀, a jẹ́ pé ilé lásán ló ń tọ́jú, kì í ṣe ilé-ìkàwé.