Ọ̀RỌ̀ TIWA: OWÓ TÍ OJÚ Ọ̀NÀ Ń JẸ

 

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, orílẹ̀-èdè 193 pàdé ní New York lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n fẹnu kò lórí àfojúsùn 17 tí aráyé gbọ́dọ̀ lé bá títí di ọdún 2030: kí ìṣẹ́ àti ebi kásẹ̀ nílẹ̀, kí gbogbo ọmọ rílé ẹ̀kọ́ lọ, kí a má sì ba ayé jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ọmọ Nàìjíríà, Amina Mohammed, ni olùdámọ̀ràn pàtàkì fún Ban Ki-moon lórí ètò náà.

Àwọn kan nínú wa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ni èyí, pé kò kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá owó iná. Ó kàn wá. Àfojúsùn kẹwàá, tó dá lórí àìdọ́gba, sọ pé tó bá fi máa di 2030, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé kò gbọdọ̀ tó 3 nínú 100. Ní 2023, ìṣirò Báńkì Àgbáyé fi hàn pé ó ṣì ju 6 lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Bí wọ́n bá gba pọ́n-ùn 4 lórí pọ́n-ùn 50, 8 nínú 100 ló lọ. Bí wọ́n bá gba 4 kan náà lórí 500, kò tó 1. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́ ni ojú ọ̀nà ń jẹ jù. Àwọn mìíràn á ní àwọn kò gba kọ́bọ̀, inú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà ni wọ́n fi èrè wọn pamọ́ sí.

Lóṣù tó kọjá, àwa mẹ́ta fi iye kan náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta la gbà. Ìyàtọ̀ tó wà nínú náírà tó délé tó owó ọkọ̀ àbúrò ẹni lọ sílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nítorí náà, ẹ mú rìsíìtì yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí a san, iye tó délé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí àwọn aláṣẹ bá mú ìlérí wọn ṣẹ, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí owó òógùn wa dé ọwọ́ ìyá wa.

Ire o.