Ìpara Tí Ń Bó Àwọ̀ àti Ọmọ Ẹnu Ọmú

Ọ̀ràn kan wà tí àwa kò lè ṣe aláìsọ fún ẹ̀yin ọlọ́lá tí ń ka ìwé wa: ti ìpara tí ń bó àwọ̀ dúdú, èyí tí àwọn abiyamọ ń lò nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Bí àgbàlagbà bá bó ara rẹ̀, a lè ní ara tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìkókó tí kò lè sọ̀rọ̀, ta ni ó bi í léèrè?

Mákúrì wà nínú òmíràn nínú àwọn ìpara wọ̀nyí. Calomel tàbí mercurio ni a máa ń kọ sí ara agolo wọn. Ó ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń bá omi ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Hydroquinone wà nínú òmíràn. Èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a fi para lọ ni ó lè wọ inú ara. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń fi ẹnu kan àyà ìyá rẹ̀, ó sì ń sùn lé apá rẹ̀.

Òfin kò ṣàì sí. Ní 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò sí Àdéhùn Minamata láti dẹ́kun mákúrì. Nàìjíríà sì fi ọwọ́ sí i ní àṣepé ní 2018. NAFDAC pẹ̀lú kò gba mákúrì nínú ìpara, kò sì gbà kí hydroquinone ju 2 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n òfin tí kò dé ọjà, ìwé lásán ni.

Kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn obìnrin. Àwa ọkùnrin ni a ń yin apọ́nbéporé, tí a sì ń gbàgbé pé adúmáadán, oríkì ni. Òrí àti àdí ni àwọn ìyá wa fi ń para, ara wọn sì ń dán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin baálé, ẹ pe àwọn ìyálọ́jà jọ, kí ó di èèwọ̀ láti ta ìpara tí a kò kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara agolo. Abiyamọ tí ó ti ń lo irú rẹ̀, kí ó dá a dúró lónìí. Kí ó má sì ṣe dá já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ó tó rí dókítà.

Ọmọ borí ohun gbogbo. Ẹ má jẹ́ kí a fi ẹwà ọjọ́ díẹ̀ ra àrùn fún un.