Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ló Jẹ Àmì Orúkọ Yín

Láti Mọníyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Akanran, ohun kan náà lẹ ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé: "Ẹ yọ àmì yẹn kúrò, kọ̀ǹpútà kì í gbà á." Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á gbọ́, á yọ ọ́. Irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Láti 1993 ni Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn tó to àpótí orúkọ (database) kalẹ̀ ni kò béèrè fún un. Ilẹ̀ Sweden ni MySQL, tí ọ̀pọ̀ ń kó orúkọ sí, ti wá. Kí ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní 2018, bí ẹ kò bá yan nǹkan fún un, latin1, àkójọ lẹ́tà tó bá èdè Sweden mu, ló máa mú. Latin1 ní è, ó ní ò, kò ní ẹ, kò ní ọ. Ó lè kọ ògèdè tí baálé ń pè, kò lè kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń tà.

Irọ́ kejì ló dùn mí jù: pé bí orúkọ bá ti rí wúruwùru, ó ti bàjẹ́, ká tún un tẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń pa orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́ nítorí pé "ẹ" ló jókòó síbi tí ẹ yẹ kó wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já kíbọọ̀dù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gan-an nìyẹn! Báìtì mẹ́ta ló para pọ̀ di ẹ nínú UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà Unicode sílẹ̀. Latin1 ló ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà àpótí náà ná. Ẹ sọ òpó orúkọ di BLOB, ìyẹn báìtì lásán, kẹ́ ẹ tó wá sọ ọ́ di utf8mb4, ìyẹn UTF-8 ti MySQL. Bẹ́ ẹ bá fo BLOB, MySQL yóò rò pé á yẹn, á gidi ni, yóò sì yí òun náà padà; wúruwùru á wá di ìlọ́po.

Èyí tó ti kú pátápátá ni "??g??d??". Níbẹ̀, wọ́n ti da lẹ́tà nù, àfi kẹ́ ẹ padà sí ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé àmì kò ṣe nǹkan, kó wá ka ìlà yìí fún mi nínú ìwé ẹrù ẹgbẹ́ àgbẹ̀: "oko, 3." Ṣé ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀, àbí oko fúnra rẹ̀?