Ojúlówó, ayédèrú àti tòkunbọ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tirákítọ̀ ló wà nílẹ̀.

Massey Ferguson 135 ni. Bàbá bàbá mi ló rà á, oko wọn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló sì wà títí dòní. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí wọ́n dá àwọn abúlé oko bíi ti Ìlọrà àti Akùfọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí tirákítọ̀ tó ń túlẹ̀, wọ́n sì fi sọ́kàn pé àwọn náà á ní tiwọn. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí tó ti dákẹ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá dá owó lé e. Àwọn àbúrò bàbá mi ní tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí kò bá tíì ṣiṣẹ́, àwọn á tà á. Mi ò bá wọn jà, àwọn ló ń gbé oko. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí tirákítọ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa ní Sharjah báyìí. Wọ́n ní kí èmi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Dubai, wá ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ibi tó dáa ni wọ́n ti rán mi níṣẹ́, ká sòótọ́. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù tó wà ní Industrial Area ní Sharjah kò kéré rárá, ẹ ó sì gbọ́ èdè ilé níbẹ̀. Ti ọkọ̀ Jàpáánì ló pọ̀ jù. Ti tirákítọ̀, àfi kẹ́ ẹ béèrè. Ọdún 1964 ni Massey 135 jáde, Coventry ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Coventry yẹn ti kógbá sílé. Àmọ́ Millat ní Lahore àti TAFE ní Íńdíà gbàṣẹ, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe Massey lọ́dọ̀ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí oníṣọ̀ọ́bù ará Pakísítánì fi lè mọ tirákítọ̀ bàbá yín jù yín lọ.

Mẹkáníìkì wa ní Ìsẹ́yìn kìlọ̀ lórí fóònù: “Bàbá, ẹ má ra tuntun tẹ́ ò mọ ibi tó ti wá fún mi o. Ẹ bá mi wá tòkunbọ̀.” Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dá sí i: “Bàbá àgbà, ṣebí orúkọ èèyàn nìyẹn?” Bàbá mi ṣàlàyé pé ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé bọ̀ wálé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn èèyàn wa ló wá yá orúkọ náà fún ọkọ̀ àlòkù tó wọlé láti òkè òkun. “Bàbá yín gan-an, tòkunbọ̀ ni,” wọ́n ní. Ó rẹ́rìn-ín títí. Òun ló wá ń kọ gbogbo ohun tí mẹkáníìkì bá pè sínú ìwé: gásíkẹ́ẹ̀tì, wáṣà, ọ́ìlì síìlì. Mẹkáníìkì ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Yorùbá ló fi ń béèrè bí nǹkan ò bá yé e. Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ Yorùbá o!

Lára ẹ̀yà Massey, ẹ ó rí nọ́ńbà, lẹ́tà M, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kékeré míì. Tí wọ́n bá tún ẹ̀yà náà ṣe, nọ́ńbà ẹ̀yìn M á gòkè. Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwià mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan gbé páǹpù kan fún wa, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Bàbá mi fi èékánná ha ọ̀dà náà díẹ̀, wọ́n ní “Ayédèrú,” wọ́n bá jáde. Wọn ò tiẹ̀ béèrè iye.

Páǹpù CAV tó wà lára tirákítọ̀ yẹn kò ní kúrò, rọ́bà inú rẹ̀ nìkan la máa pààrọ̀. A rí dáínámò Lucas, tòkunbọ̀ gidi. Láínà àti ríìngì, tuntun láti Lahore la rà. Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe ojúlówó. Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ tó gbàṣẹ ló ṣe é, ó sì bára mu, ó tán. Ìjà tó wà níbẹ̀ ni ti fílítà afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ká yọ ti àtijọ́ tó ń fi abọ́ ọ́ìlì mú eruku, ká fi oníbébà sí i. Bàbá mi kọ̀: ẹni tó wà lóko ní Òkè-Ògùn máa ń rí ọ́ìlì, bébà wo ni yóò lọ wá? Wọ́n tún kọ̀ ká kùn ún lọ́dà. Mo kó àwọn ọmọ lọ wo ilé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà ní Sharjah, gbogbo wọn ń dán bíi dígí. Ó dáa o, àmọ́ ìyẹn kì í túlẹ̀.

Àpótí wa ti wà lọ́dọ̀ àwọn káàgò ní Deira, kílò mọ́kànlélógún. Táyà iwájú méjèèjì, 6.00-16, Ìbàdàn la ti máa rà á. Ní Sátidé a óò tún pe mẹkáníìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé ọmọ mi ni pé ta ló ń jókòó lórí tirákítọ̀ náà báyìí. Bàbá mi ní ewúrẹ́ ni.