Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọ̀rọ̀ Wa sí Ẹ̀yin Tó Ń Kọ́ Mọ́tò, àti sí Àwa Pásítọ̀

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń kọ́ mọ́tò lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa gbé mọ́tò wá fún àdúrà. Inú gbogbo wa dùn. A jó yí mọ́tò náà ká, a da òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a gbọ́wọ́ lé sítíárìn, a pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀mí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú títì pé kí wọ́n yà fún un. Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó wà ní Sángo á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ti Bódìjà bọ̀, ó dé Agbowó. Kòròpé kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń já èrò. Ọmọ wa ò dẹ eré. Ìyá oníbúrẹ́dì kan yọ láti iwájú kòròpé náà, ó fẹ́ sọdá. Kí ọmọ wa tó rántí bíréèkì, ó ti gbá a. Ẹsẹ̀ ìyá náà kán níbi méjì. Ọlọ́run ṣàánú, ẹ̀mí ò bọ́.

Nígbà tá a lọ kí i ní ọsibítù, ó wojú wa, ó ní: “Pásítọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbàdúrà sí mọ́tò yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń da òróró sí i, ṣé ẹ bi ọmọ yẹn pé ṣé ó mọ mọ́tò wà?”

A ò rí èsì fọ̀. A ò bi í. Ìgbà tá a wá bi í lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ la gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi kọ́ mọ́tò, lórí pápá iléèwé, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀. Làísẹ́ǹsì tó wà lápò rẹ̀, ẹnì kan ló bá a “ṣe é”. Kò dé iwájú ẹni tó ń dán awakọ̀ wò rí.

Látìgbà náà lọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa. Ohun tá a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: àdúrà orí mọ́tò ò tíì pé, àfi tí ẹni tó máa wà á bá ti kọ́ bá a ṣe ń rí ewu kó tó dé.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 8. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, torí pé àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń gòkè lọ sórí òrùlé wọn. Bẹ́nì kan bá já bọ́ níbi tí kò sí ògiri, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ kíyè sí i o: Ọlọ́run ò ní kí onílé kàn máa gbààwẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà ṣubú. Ó ní kó mọ ògiri. Mọ́tò tuntun ńkọ́? Ògiri tirẹ̀ ni ẹ̀kọ́, òfin, àti ojú tó là.

Sátánì náà gbé Jésù dé ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní kó bẹ́, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù ò bẹ́. Ẹni tó ń sá eré 100 níbi tí òfin ti ní 50, tó wá gbọ́kàn lé sítíkà ìjọ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, orí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì yẹn gan-an ló wà.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, “Pásítọ̀, ẹ ò nígbàgbọ́ mọ́ ni? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀tá wà?” Ọ̀tá wà. Láti September títí dé December la máa ń gbààwẹ̀ lórí ìjàm̀bá ọkọ̀, a ò sì ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: àjẹ́ wo ló ní ká má pààrọ̀ táyà tó ti dán bí orí apárí? Ẹ̀mí òkùnkùn wo ló ń fi WhatsApp sí wa lọ́wọ́ lórí eré? Bá a bá ti gbé gbogbo ẹ̀bi fún ayé, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọgbọ́n. Ìyá oníbúrẹ́dì nìkan láá máa jìyà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ mọ́tò, ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lórí pápá ni bí mọ́tò ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń dúró: kílọ́ọ̀ṣì, jíà, ríbásì. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ìdajì tó kù wà lójú. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ewu ojú títì kì í sábà dé láìránṣẹ́ ṣáájú. Kòròpé tó dúró l’Ágbowó yẹn, ìránṣẹ́ ni. Awakọ̀ tójú ẹ̀ là á ti bi ara ẹ̀ pé: ta ló lè yọ níwájú ọkọ̀ yìí? Á ti dẹ eré, á ti gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì kí ìyá náà tó yọjú.

Ẹ jẹ́ ká jọ rin ìlú yìí díẹ̀. Lọ́jà Bódìjà, alábàárù tó ru àpò ẹ̀wà ò lè gbórí sókè. Kò rí yín, ẹ̀yin lẹ máa rí i. L’Ágbowó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ti nǹkan sí etí méjèèjì ò gbọ́ hóònù yín. Ọ̀kadà sì lè gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀. Torí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ títì, ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún wo òsì, kódà kó jẹ́ wan-wéè. Ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ Cocoa House níbẹ̀ yẹn, mọ́tò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tẹ́nì kan ṣì wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí nígbàkigbà. Ring Road fẹ̀, ó dẹrùn, ó sì ń tanni láti sáré. Òfin inú ìlú ò yí padà níbẹ̀. Ní Challenge, ẹ má retí pé Máíkírà tó wà níwájú yín á tan iná kó tó yà. Ọwọ́ èrò tó gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni tráfíkétọ̀ Máíkírà. Bẹ́ ẹ bá ti rí ọwọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé ó máa dúró gìrì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń dán ojú yìí wò kí wọ́n tó fúnni ní làísẹ́ǹsì. Láti November 2002 ni ìdánwò náà ti wà. Wọ́n á gbé fídíò 14 síwájú ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, ewu 15 ló sì wà nínú wọn. Bó bá ṣe tètè rí ewu tó ń bọ̀ ni máàkì rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ò bá gba 44 nínú 75 ti fìdí rẹmi. Ọmọ ìjọ wa kan tó ti wa mọ́tò n’Íbàdàn fọ́dún mọ́kànlá lọ ṣe é, ó fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Ó pè wá lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní: “Daddy, ó wá yé mi pé ìdí mọ́tò iwájú nìkan ni mo ti ń wò látọjọ́ yìí.”

Ọ̀rọ̀ eré náà tún nìyí. Òfin wa ní mọ́tò kékeré ò gbọdọ̀ ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ nínú ìlú, àti 100 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ní eré 50, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tẹ́ ẹ bá fi wo fóònù, mọ́tò ti rìn tó mítà 14, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Máíkírà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, láìsí ẹni tó ń wo títì. Ìwé òfin ìrìnnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ṣírò rẹ̀ pé ní eré máìlì 30, tó sún mọ́ 50 tiwa, mọ́tò nílò mítà 23 kó tó dúró pátápátá. Ní máìlì 60, tó sún mọ́ 100 tiwa, ó di mítà 73. Eré di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí mọ́tò máa jẹ kó tó dúró ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bí òjò bá tún wá rọ̀ ńkọ́?

Òfin fún ẹni tó ń kọ́ mọ́tò ò ṣòro. Ẹ gba ìwé àṣẹ tó ní kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ. Ẹ fi àmì L síwájú àti sẹ́yìn mọ́tò. Ẹni tó ní làísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jókòó tì yín. Ẹ lọ sí iléèwé ìwakọ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ VIO. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, kò tíì tó o gbà. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ ọdún 15 lọ́wọ́ pé “ọmọ mi gbọ́n”, ọgbọ́n kọ́ nìyẹn o.

Ó sì yẹ kójú ti àwa ará Ìbàdàn jù. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa ló dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977, nígbà ìjọba David Jemibewon, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Ìgbà tó di 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Ilé wa ni iná yìí ti ràn dé òkèèrè. Kò yẹ kí òkùnkùn ṣú sílé.

Ọ̀rọ̀ ò sì kan Ìbàdàn nìkan. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2023 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ìjàm̀bá ojú títì ń pa lọ́dọọdún, àti pé kò sí ohun mìíràn tó ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 tó o. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin níwájú wa ní Sunday nìyẹn.

Torí náà, a ti pinnu nínú ìjọ wa. Ká tó da òróró sí mọ́tò ẹnikẹ́ni, a máa bi í pé: ta ló fẹ́ wà á? Níbo ló ti kọ́ ọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìdánwò? Bí kò bá tíì kọ́ ọ, a máa gbàdúrà fún un bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ká tó wá gbàdúrà sí mọ́tò nígbà tó bá parí. Bọ́ọ̀sì ìjọ náà, kò sẹ́ni tó máa jókòó síwájú láìde bẹ́líìtì. Àwa pásítọ̀ sì ní ẹ̀bi tiwa láti jẹ́wọ́: a ti gba wan-wéè rí torí pé ìsìn ti ń pẹ́. Ẹ dárí jì wá. A ò ní ṣe é mọ́.

Ìdúpẹ́ mọ́tò lè dín kù. Ọrẹ rẹ̀ náà lè dín kù. Ẹ jẹ́ kó dín kù.

Ìyá oníbúrẹ́dì ti padà s’Ágbowó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọmọ wa ti lọ forúkọ sílẹ̀ níléèwé ìwakọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àmì L níwájú, àmì L lẹ́yìn. Ó ní kò sí kòròpé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí tóun ò rò pé ìyá náà wà níwájú ẹ̀.

Olúwa á la ojú wa. A ò ní pa ọmọ ẹlòmíì, ẹlòmíì ò ní pa tiwa, ní orúkọ Jésù. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe Àmín tán, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń kọ́ mọ́tò lọ́wọ́.